Ìlàjì Abẹ́rẹ́ Tí A Wá Tì

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi ò gbádùn o. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí apá òsì ojú mi ti rọ. Ẹnu mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú òsì kì í padé bí mo bá sùn. Èmi tí ẹ ń pè ní Ẹlẹ́nu-píìnì, mi ò lè fi ètè di píìnì kan ṣoṣo mú mọ́! Etí òsì ń hó yee, òòyì sì ń kọ́ mi débi pé ògiri ni mo ń dì mú lọ sílé ìwẹ̀.

Dókítà elétí ní iṣan tó ń gbé ojú àti èyí tí a fi ń gbọ́ràn jọ gba ihò tóóró kan kọjá nínú eegun orí. Ó ní àfi kí ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara ya ibẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ bóyá iṣan ló kàn wú ni, tàbí nǹkan ń hù sí i lára. Bí nǹkan bá ń hù, tí a bá fi falẹ̀, ojú yìí lè má padà bọ̀ sípò mọ́, etí náà á sì di pátápátá.

Àná ni mo lọ. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ ọ̀hún, ó lè fa irin já nínú ara èèyàn. Ọmọbìnrin tó ń darí rẹ̀ ní kí n yọ yẹtí, kí n yọ òrùka, ó wá bi mí bóyá irin wà nínú ara mi. Mo ní rárá o, ṣé géètì ni mí ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bó ṣe gbọ́ pé aránṣọ ni mí, ó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun ọwọ́ mi.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ gun àtàǹpàkò mi nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́? O mọ̀ pé ọ̀gá wa kì í fúnni ní abẹ́rẹ́ tuntun àfi tí èèyàn bá kó ìlàjì méjèèjì èyí tó ṣẹ́ wá. A wá gbogbo ilẹ̀, a ò rí ṣóńṣó rẹ̀. Ni o bá ṣẹ́ abẹ́rẹ́ àlòkù kan, o fi ṣóńṣó tìyẹn rọ́pò, ọ̀gá sì gbà á. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Hàà, ọ̀rẹ́ mi! Inú àtàǹpàkò mi ló wà! Mo rí i nínú fọ́tò, ó funfun báláú.

Wọn ò jẹ́ kí n wọnú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa la àtàǹpàkò náà, ti ọ̀tún tí mo fi ń jẹun, kí wọ́n tó wá ya orí mi. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní òun ò lè ṣèlérí pé ìka yẹn á ṣì máa mọ nǹkan lára. Ojú ni kí n fi sílẹ̀ ni, àbí ọwọ́? Mo sunkún títí, ìdajì ojú mi ò bá mi sun ún.

Má dá ara rẹ lẹ́bi, èmi ni mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ ṣáà wá. Wá di ọwọ́ kejì mú fún mi bí wọ́n bá ń la èyí. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́jú ìlàjì abẹ́rẹ́ náà fún mi, kí èmi àtìwọ lè mú un lọ fún ọ̀gá.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Má sọ fún ìyá rẹ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí o tó dé.

Èmi náà ni, bí o tilẹ̀ lè má dá ojú mi mọ̀,
Ẹlẹ́nu-píìnì rẹ.