Àwọn Ìyálé Mi Ń Yé Ẹyin Sínú Aago

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga kí o tó ka ìwé yìí. Bí o bá ti jókòó, fẹ̀yìn tì. Mo ti lọ́kọ.

Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí, ara mi sì fúyẹ́. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, tí o bá pè mí, tí o ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, màá ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan kan wà o! Ó ga, ó dúdú, ó ń tún aago ṣe.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ayọ̀ ló sáré kọjá rẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àna mi ńkọ́, ọkọ rẹ oníwà pẹ̀lẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé eyín iwájú èyí tó ṣubú nílé ìwé ti hù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àjáde àti àbọ̀ yín, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní rí ìjà ọ̀gá. Àmín. Ó yá, jẹ́ kí n padà sórí ọkọ mi.

Bàbá Aláago ni, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Òun ló máa ń tún aago ọwọ́ bàbá rẹ ṣe nígbà ayé rẹ̀. Mo gbé aago ògiri mi lọ bá a lọ́jọ́ kan. Aago náà kò bàjẹ́. Èmi mọ̀ pé kò bàjẹ́, òun náà tú u wò, ó mọ̀ pé kò bàjẹ́, síbẹ̀ ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì padà lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, a lọ sí kóòtù, mo dé àkẹtẹ̀ funfun, a fọwọ́ síwèé, mo di ìyàwó. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún ọ. Mo ní kí lo máa sọ, pé ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ ń lọ́kọ?

N kò dé inú ilé rẹ̀ rí kí a tó ṣègbéyàwó, nítorí o mọ bí a ṣe tọ́ mi. Háà, Ìyá Ìbejì! Títí di ìsinsìnyí, ẹnu mi kò tíì padé. Bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn, adìyẹ pupa kan ló wá pàdé wa, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó yí padà, ó ṣáájú wa wọ yàrá lọ bíi pé òun ló fẹ́ fi ibùsùn hàn mí. Òmíràn jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí wa bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn. Aago gàgàrà kan wà ní pálọ̀ tó ga jù mí lọ, wọ́n ti tú ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọ́n ti kó koríko sí i, adìyẹ dúdú kan wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin. Mo figbe ta. Bàbá Aláago ní kí n má fòyà, ó ní nínú gbogbo aago ilé yìí, òun nìkan ni kò tíì parọ́ rí, tó bá ti ké, oúnjẹ àárọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí n lè bọ́ bàtà, nǹkan múlọ́múlọ́ kan fẹnu kàn mí ní gìgísẹ̀ láti abẹ́lẹ̀. Mo fò tó bẹ́ẹ̀ tí àkẹtẹ̀ mi fi bọ́, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, n kò sì jẹ́ lọ mú un. Ehoro ni! Akọ kan, abo kan, wọn kì í ṣe èyí tí a ń sè, wọ́n kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Abo yẹn ti jẹ wáyà ṣájà fóònù mi. Mo ń wo ojú rẹ̀ títí, bóyá á máa tan iná, kò tíì tàn.

Mo bi ọkọ mi pé ṣé kò kọ́lé fún adìyẹ ni. Ó ní ilé wọn nìyí. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun kú, ilé dákẹ́ débi pé òun ń gbọ́ gbogbo aago lẹ́ẹ̀kan náà, òun wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ẹran wọlé, òun kò sì lé wọn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sùúrù ṣe o, wọ́n ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi dé, ìyálé mi ni gbogbo wọn.

Àwàdà ló ń ṣe. Èmi kò mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣebí ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó ń rákò, àgbà rẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Mo bá fún wọn ní orúkọ ọ̀wọ̀. Mo pe adìyẹ pupa ní Ìyálé Àgbà, mo pe ti inú aago ní Màmá Pálọ̀, mo pe abo ehoro ní Ẹlẹ́yinjú, mo pe akọ ní Bàbá Onírùngbọ̀n. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn. Obìnrin aránṣọ tó wà lódìkejì rí mi lójú fèrèsé, ó ní kí ló sọnù sílẹ̀. Mo ní kò sí, ìyálé mi ni mò ń kí. Láti ọjọ́ náà, jẹ́jẹ́ ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ìyálé Àgbà yìí ló tú àṣírí mi. Ọkọ mi fi fóònù tí o rà fún mi yà mí ní fọ́tò, èmi àti Ẹlẹ́yinjú lórí itan mi, kí n lè máa dá wò ó. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, Ìyálé Àgbà gun orí rẹ̀, ó ń fẹnu sọ ọ́, kọ́, kọ́, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí yàrá ẹbí wa tó wà nínú fóònù, níbi tí gbogbo wa ti jọ ń kí ara wa. Bí ó ṣe mọ ọ̀nà ibẹ̀, èmi ò lè sọ. Èmi tí mo kàwé gboyè ilé ìwé gíga, n kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ rí ehoro nìkan, àmọ́ kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Tíṣà, pè. Ó ní ẹsẹ̀ ọkùnrin wo ló wà létí fọ́tò yẹn. Mo ní ẹsẹ̀ aláago ni, ó wá tún aago ṣe. Ó ní irú aago wo ni wọ́n ń tún ṣe tí èèyàn fi ń bọ́ bàtà?

Mo yáa pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì ni ó gbé ara rẹ̀ dé. Àga tí a ní kó jókòó sí, adìyẹ wà níbẹ̀, a lé e, ó fi nǹkan sílẹ̀ kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. Ó ní ṣé ilé ọkọ ni mo wá ni tàbí ọgbà ẹranko. Ó ní òun kò ní pe ọkùnrin yìí ní àna títí àkọ́bí mi á fi jókòó sínú ilé yìí, tó jẹun níbẹ̀, tí gbogbo ẹbí rí i. Bí o bá jókòó, òun náà á jókòó. Bí o kò bá jókòó, kí n múra láti kó ẹrù mi. Ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, nítorí ó rántí bí adìyẹ alọ́mọ ṣe lé ọ gun igi nígbà kékeré, tó jẹ́ àkàbà ni wọ́n fi gbé ọ sọ̀kalẹ̀. Ó mọ̀ pé títí dòní, o kì í gba ibi tí adìyẹ bá wà kọjá.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe gbé ìgbálẹ̀. Ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo lé gbogbo adìyẹ síta, mo tilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, mo fi apẹ̀rẹ̀ bo Bàbá Onírùngbọ̀n mọ́ ilé ìdáná. Ẹlẹ́yinjú sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lé e, àyà mi já! Ó ń fi ẹnu fa irun àyà ara rẹ̀ tu, ẹnu rẹ̀ kún fún un. Mo ní mo gbé! Mo ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ti ń ya aṣọ mọ́ra rẹ̀ lọ́rùn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ta ni kó wá fi apẹ̀rẹ̀ bo tèmi? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, èmi ni ọmọdé ilé, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò dá mi lóhùn, ó ń fa irun lọ.

Mo sáré láìwọ bàtà dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń ké pé ìyálé mi ti ń ya aṣọ mọ́ra o. Gbogbo òpópó gbọ́. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, oníbàárà náà sì tẹ̀ lé e tòun ti ìdajì orí. Aránṣọ wá tòun ti téèpù lọ́rùn. Ọkọ mi ò rántí yọ awò kékeré tó ń há sójú fi wo inú aago. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkẹtẹ̀ ìgbéyàwó mi rèé, ó kún fún irun funfun, nǹkan pupa kéékèèké ń mì nínú rẹ̀, ojú wọn kò tíì là. Onígbàjámọ̀ ní ẹ kú ewu ọmọ. Aránṣọ bi mí pé ta ni yóò wẹ̀ wọ́n.

Ọkọ mi wá là mí lọ́yẹ pé kì í ṣe ìbànújẹ́, abo ehoro tó fẹ́ bímọ a máa fa irun ara rẹ̀ ṣe ibùsùn ọmọ. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ, ó bi mí pé àwọn adìyẹ dà. Mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí, mo sọ nípa tìrẹ. Ó ní bó bá jẹ́ ohun tí yóò jẹ́ kí n dúró nìyẹn, òun á kó wọn fún aránṣọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, awò yẹn ṣì wà lójú rẹ̀, omijé ń gba abẹ́ awò náà jáde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ, Ìyá Ìbejì. Gbogbo aago ilé, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ìyálé Àgbà gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, kò tilẹ̀ wojú mi.

Nítorí náà, n kò ní parọ́ fún ọ, wọn á wà nílé nígbà tí o bá dé. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni. Èmi á jókòó sáàárín ìwọ àti wọn, ìgbálẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi, àna mi á wà lápá kejì. Jókòó díẹ̀, jẹ òkèlè kan, kí ẹ̀gbọ́n mi rí i. Yàrá tí o kùn sílẹ̀ dè mí lọ́dọ̀ rẹ, má bínú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á, àwa méjèèjì la ó máa wá kí yín. Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ràn mi ní ibi méjì ni.

Bá mi ra wáyà ṣájà tuntun, èyí tó le, àti àkẹtẹ̀ funfun mìíràn, àwọn ọmọ ṣì ń lo tèyí. Fi owó díẹ̀ kún un, inú àpò ìwé ni kí o fi sí, kí o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, Ìyálé Àgbà lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Báńkì náà kò ṣeé gbà: ọmọbìnrin ibẹ̀ ní n kò gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà káàdì mi fún ẹnikẹ́ni, mo pa á mọ́ débi pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ alẹ́ yìí, kó máa bá ọ láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ọkọ rẹ kò ní ṣáájú rẹ lọ, ilé rẹ kò ní dákẹ́. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ, kí wọ́n mú ìyàwó wọn àti ọmọ wọn dání, mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá Tíṣà pé o ń bọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ dé.