Èéfín Ọkọ̀ Ojú Irin Ni, Kì í Ṣe Àrùn Ìdílé Àjíkẹ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Kàdúná níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kò dùn mọ́ mi nínú. Nítorí wọn ni mo ṣe ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé wọn. Èyí tí mo kọ ṣáájú, àwọn ni wọ́n kà á fún yín, ibi tó wù wọ́n nìkan ni wọ́n sì kà. Èyí, gbogbo Ìkìrun ni yóò kà á.

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé kejì ni mo kà dé, àmọ́ lónìí kò sí akọ̀wé pàtàkì kan ní Kàdúná tí ọwọ́ mi kò tíì kan aṣọ rẹ̀. Èmi ni alágbàfọ̀ àkọ́kọ́ tó na okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bí mo bá fi sitáàṣì sí ṣòkòtò, tí mo lọ̀ ọ́, ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn Hausa ń pè mí ní Sarkin Wanki, ọba àwọn alágbàfọ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀ o.

Ọba náà ni èéfín fẹ́ sọ di aláìníṣẹ́ yìí. Eèédú Enúgu ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ a wọlé, a jáde, ó tán. Látìgbà tí ogun àwọn òyìnbó ti dé, kò sí ìsinmi mọ́: sójà, ẹ̀pà, awọ, wọ́n ń kó wọn lọ tọ̀sán-tòru. Bí ọyẹ́ bá wá mú, èéfín kì í lọ sókè, àárín wa ló ń jókòó sí. Aṣọ funfun tí mo sá láàárọ̀, kó tó gbẹ, ó ti rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Mo tún un fọ̀, ó tún dúdú. Ọṣẹ sì ti wọ́n. Akọ̀wé kan, ará Ìjẹ̀bú, gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Bàbá, ṣé orí ààrò lẹ ń sá aṣọ sí ni?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sí àdúgbò Doka, sọ́dọ̀ ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́!

Àjíkẹ́ ìyàwó mi ló ń ṣọ́ okùn. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, yóò sáré ká gbogbo aṣọ. Bó bá ti kọjá, yóò tún nà wọ́n. Aṣọ ló ń gbà là, inú tirẹ̀ ni èéfín ń wọ̀. Ikọ́ dé nígbà ọyẹ́, ó lọ nígbà òjò, ó tún padà. Báyìí, kò lọ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn.

Bàbá Kékeré wá ránṣẹ́ pé ikọ́ ife ni, pé ikọ́ ló pa ìyá ìyá rẹ̀, kí n dá a padà fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìrágbìjí, pé àwọn ti bá mi wá ọ̀dọ́bìnrin míì. Wọ́n ní ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kúrò ńbẹ̀.

Bí n kò mọ nǹkan kan láyé, mo mọ àbàwọ́n. Ẹ̀jẹ̀, epo, tàdáwà, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo mọ bí kálukú wọn ṣe ń rí lára aṣọ. Aṣọ ìnujú tí Àjíkẹ́ ń wúkọ́ sí, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Dúdú tó wà nínú rẹ̀, òun náà ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé yẹn. Ìyá ìyá ta ló fi eèédú sínú ọmọ?

Mo lọ bá ọmọ Yorùbá kan tó jẹ́ ọ̀gá ní àgbàlá ọkọ̀, mo ní kí wọ́n sún ibi tí wọ́n ti ń koná síwájú díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Alágbàfọ̀, èéfín yìí ló ń bọ́ yín. Bí kò bá sí ọkọ̀, aṣọ ta lẹ ò bá máa fọ̀?" Mo padà sídìí okùn mi, mo lọ tún aṣọ fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di òní.

Ìyá mi, Àjíkẹ́ ń bọ̀. Kì í ṣe Ìrágbìjí ló ń lọ. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀, sínú yàrá tí mo kọ́, tí mo fi páànù bò. Ọkọ̀ ojú irin náà ni yóò gbé e wá, kò sí òmíràn. Mo ti ní kó wà ní kóòṣì ẹ̀yìn pátápátá, kó ti fèrèsé. Aṣọ àlà kan wà nínú ẹrù rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo ti jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tún fi omi ṣàn án, kí ẹ sá a sẹ́yìnkùlé yín. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ pe Bàbá Kékeré kí wọ́n wá wo bó ṣe funfun tó níbi tí kò sí èéfín. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá máa sọ̀rọ̀ ìdílé ìyàwó mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, èémí yín kò ní há láé. Ẹ bá mi kí tọmọdé-tàgbà. Bí ẹ bá ti gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bi í pé ta ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámúẹ́lì, Sarkin Wanki.