Ta Ló Gbé Ẹ̀fọ́ Yánrin Ìyá Mi Lọ sí Ẹ̀rọ?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti inú òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Mo kí Ìyá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Jósáyà àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo agboolé wa ní Òmù-Àrán. Ẹ kú oríire Ìpínlẹ̀ Kwara tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Mo kí yín tán. Ẹ má bínú sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́: inú ń bí mi. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí bí mo bá fi ránṣẹ́ sílé, Jósáyà ni yóò kà á fún Ìyá mi, yóò sì fo ibi tó bá wù ú.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Eku funfun ni mò ń bọ́. A máa ń fún wọn ní oúnjẹ tí kò ní èròjà irin títí ẹ̀jẹ̀ wọn á fi dín kù, tí etí wọn á funfun, tí wọn ò ní lè sáré mọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá fún wọn ní oúnjẹ mìíràn, ká lè mọ èyí tí irin inú rẹ̀ ń wọ ara dáadáa. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá mi pé kó jẹ́ kí n fi ẹ̀fọ́ yánrin ilé wa dán an wò. Ìyá mi bú mi nígbà náà. Wọ́n ní ṣé torí kí òun lè máa wá ọbẹ̀ fún eku òyìnbó ni òun ṣe bí mi, àwa tó jẹ́ pé àwa là ń jẹ eku. Síbẹ̀ wọ́n sá ẹ̀fọ́ náà, wọ́n gún un nínú odó igi, torí mo ti kìlọ̀ pé irin kankan ò gbọdọ̀ kàn án, ẹ sì ń dì í sápò ránṣẹ́ sí mi. Nígbà náà, kò sí lẹ́tà tí èébú wọn kì í sí nínú rẹ̀, èmi a sì máa dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi.

Àpò tó dé kẹ́yìn kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn eku jẹ ẹ́, etí wọn pọ́n, wọ́n ń sáré kiri. Mo yọ̀ débi pé mo ń kọ orin ìjọ wa lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá mi mú òòfà, ó fà á kọjá lórí ẹ̀fọ́ náà, nǹkan dúdú wínníwínní sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó béèrè ẹni tó lọ̀ ọ́. Mo ní ìyá mi ló gún un, torí ohun tí ẹ kọ sí mi nìyẹn. Ó ní irin ẹ̀rọ ìlọta ló wà níbẹ̀, pé òun ló mú ara àwọn eku yá, kì í ṣe ẹ̀fọ́. A da gbogbo rẹ̀ nù. Kò pariwo mọ́ mi, àmọ́ kò béèrè ọ̀rọ̀ ilé lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo rò pé Jósáyà ni wọ́n ní kó gún un, tí ìmẹ́lẹ́ sì mú kó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Àfi ìgbà tí tíṣà kan láti Rore, ìlú tó wà nítòsí wa, tó wá kàwé níbí, yà kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó tó jókòó ló ti béèrè bóyá ara Ìyá mi ti ń yá. Mo ní ara wọn le. Ó wolẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọn ò ti lè gbé ọmọ odó mọ́, pé wọ́n ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, pé àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun. Ó ní ẹ̀yin lẹ pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi, kí ọkàn mi má baà kúrò nínú ẹ̀kọ́.

Bàbá, ẹ̀yin! Mo mọ̀ pé bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, ire nìkan lẹni tó wà lókèèrè ń gbọ́. Ẹ rò pé ẹ ń ṣàánú mi. Ẹ dalẹ̀ mi ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ eku bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ìyá tó bí mi funfun, n kò sì mọ̀. Nínú gbogbo àìsàn ayé, èyí nìkan ni mo kọ́. Ta ló tún yẹ kí ẹ sọ fún?

Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n wá ohun tó ń fà á. Ẹ má fi ẹ̀fọ́ nìkan tàn wọ́n. Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin náà ní ẹ̀mí gígùn, kó má fi ìyà jẹ yín nítorí mi. Mo kí gbogbo ilé, mo kí ìjọ.

Ẹ má kọ ọ́ sí mi mọ́ pé Ìyá mi ń kí mi. Láti ìgbà òjò lẹ ti ń kọ ìkíni àti àdúrà wọn ránṣẹ́, kò sì sí èébú kan níbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ má fo ibì kankan, kí ẹ sì kọ èsì bó bá ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, wọn á bú mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣọlá