Òfin Tí Táyọ̀ Ń Kọ fún Kọ̀ǹpútà

Ìkọ̀lé, Ọjọ́bọ̀.

Táyọ̀, ọmọ mi, pè mí láti Èkó lónìí. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti jáde yunifásítì ló ti ń kọ òfin fún kọ̀ǹpútà: bí ewé ẹ̀gẹ́ bá rí báyìí, àrùn báyìí ló ń ṣe é. Ó ní ibi iṣẹ́ àwọn ti ra kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, wọn ò nílò ẹni tí yóò máa kọ òfin fún un mọ́.

Mo ní, "Ta ló wá ń bá a wí bó bá ṣìnà?"

"Màmá, ohun tí èmi náà bi ọ̀gá mi nìyẹn. Ó ní kí n lọ máa sinmi nílé, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Mo ti gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ń wò mí, mi ò tíì sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, ó wà lẹ́nu mi kí n ní kó máa bọ̀ nílé. Ẹ̀rù ló bà mí pé ó lè gbà.