Báṣé Tí O Fi Ìrọ̀rí Sí Lábẹ́

Kèrè, Ìdáàṣà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì

Elvire ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Kútọnù kò tíì gbé ẹ mì? Ọlọ́run tó to òkúta òkè Ìdáàṣà jọ tí kò jẹ́ kí ọ̀kan yí lu ilé wa yóò máa ṣọ́ ẹ lábẹ́ ọkọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀, irin kankan kò ní já lù ẹ́, ọwọ́ rẹ kò ní há. Àmín. Ìyá rẹ Odette kí ẹ, ó ní ara òun le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, Fádà tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa ń wàásù gùn débi pé àwọn àgbààgbà ti ń gbé oúnjẹ dání wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú ìwé ni mo ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nítorí tẹlifóònù rẹ kò ní ìwà. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù yẹn, mo gbé e sétí, o kí mi, mo dáhùn, o kò dúró gbọ́, o ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Mo ní Elvire, dúró, jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. O kò dá mi lóhùn. Mathieu tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katekísímù ní kí n tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ sí kí mi látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé a kò tíì fojú kan ara wa lọ́jọ́ náà. Mo tún dáhùn, nítorí pé wọ́n kọ́ èmi nílé. Ìyá rẹ ní bóyá báyìí ni àwọn ọmọ Kútọnù ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀, kí n máa fara dà á.

Ọ̀rọ̀ báṣé mi ló wà nílẹ̀, ọkọ̀ ẹrù kékeré onítapólì tí mo ti rà kí wọ́n tó bí ẹ, tí mo fi ń kó iṣu àti èrò lọ sọ́jà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ìgbàlódé. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ìdí rẹ̀ le bí ọkàn agbowó-orí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Marlène, tó tọ́ ẹ dàgbà ní Kpingni, ṣubú lóko tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, inú rẹ̀ la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú ìlú, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló sì fi igbe rẹ̀ kà. O gbọ́ ọ, ó dùn ọ́, o wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Kútọnù, o ní kí wọ́n tó dá ìyá òun sílẹ̀ nílé ìwòsàn, òun yóò ti sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Mo gbà. Ta ni kò ní gbà?

O yọ irin mi, o fi àpò rọ́bà méjì sí ipò wọn, o fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn kún un, o wá to bọ́tìnnì méjì àti aago kan tí kì í sọ iye tí agogo lù síwájú mi. O ní kusẹ́ẹ̀n ni àwọn àpò náà ń jẹ́. Mathieu tó gbọ́ Faransé ní ìrọ̀rí ni. O ṣeun, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, aṣọ ló ń ká sábẹ́ orí, ṣùgbọ́n báṣé ti ní ìrọ̀rí méjì.

Ohun tí ẹni tó ní ìrọ̀rí ń ṣe náà ni ọkọ̀ ṣe: ó sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo jáde, mo bá a lórí ikùn bí adìyẹ tó sàba. Mo ṣí i, ẹ̀rọ kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí kérora bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní, ìdí ọkọ̀ gbéra, apá òsì sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ rìnrìn àjò. Gbogbo Kèrè wá wòran. Ìdírísù tó ń gbé èrò lọ sí Paouignan, ọ̀rẹ́ mi ni tí èrò kò bá sí láàárín wa, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ìgbà tí mo wà ní Máàsì, ọkọ̀ mi ti gba Ìsìláàmù, ó ń foríkanlẹ̀, ó ń dìde, àlùwàlá ló kù. Mo ní tèmi ṣáà ń gbàdúrà, kó wo tiẹ̀.

Mo wá tẹ̀ lé ìlànà tí o sọ nínú wasáàpù yẹn. O ní kí n gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú kí n tó wọn bí ó ṣe ga tó. Elvire, ṣé ibí kọ́ ni wọ́n bí ẹ sí ni? Ibi tó tẹ́jú, ní Ìdáàṣà! Mo wá a títí, pèpéle sìmẹ́ńtì tí Blandine àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá gbáàgúdá sí nìkan ni mo rí. Mo rọra wa ọkọ̀ gùn ún, mo sì gbìyànjú láti yẹ gbáàgúdá sílẹ̀, díẹ̀ ni mo tẹ̀. Blandine jáde, ó bi mí bóyá wọ́n fẹ́ sá ọkọ̀ náà gbẹ ni. Àwọn ohun yòókù tó sọ, ọjọ́ Àìkú ni òní, n kò lè kọ ọ́. Mo lọ yá téèpù lọ́wọ́ Àmínátù aránṣọ, òun náà ní ṣé ṣòkòtò ni mo fẹ́ dá fún ọkọ̀ ni àbí bùbá. Mo fi ara da gbogbo rẹ̀. Mo wọn láti àárín táyà dé etí irin tó bò ó, gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Apá òsì fi ìbú ọwọ́ kan kéré sí ọ̀tún.

O ní tí kò bá dọ́gba, kí n fún un ní báà mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ kọjá báà márùn-ún nítorí ewu. Ohun tí o sọ nìyẹn, mo tún un gbọ́ títí ó fi dá mi lójú. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ṣẹ́, èmi kọ́. Mo wà á lọ sí ìgboro, mo gbé e síwájú báà kìíní, mo mu bíà kan, mo jáde wọ̀n ọ́n. Kò gbéra. A lọ sí ìkejì, kò gbéra. Ní ìkẹta, mo rí ewu tí o ń sọ pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì dúró níbẹ̀ nítorí pé mo gbọ́ràn. Ìdírísù ló wà wá padà wálé, èmi àti ọkọ̀. Ìyá rẹ bi mí ẹni tó rán mi, mo ní ìwọ ni, nítorí náà wá bí o ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Mathieu fi hàn mí pé báà wà lójú aago yẹn, pé ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn ni. Gbogbo ìwé tí ẹ kà, ẹ kò rí orúkọ mìíràn fún un ju ti ilé ọtí lọ?

Ó wá di Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ní kí a wá gbé Marlène. Ìdírísù ní òun yóò fi ọkọ̀ tòun gbé e, òun kò gba nǹkan kan. Marlène kọ̀. Ó ní ọmọ òun ṣe ọkọ̀ fún òun, inú rẹ̀ lòun yóò wọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? A tẹ́ mátíráàsì sẹ́yìn, ìyá rẹ jókòó tì í, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, a gbéra. Títí a fi jáde ní ìlú, ó ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta kí a tó dé Kpingni, apá òsì jó wálẹ̀, ikùn ọkọ̀ gbá òkúta, Marlène yí lọ gbá pákó ẹ̀gbẹ́ bí iṣu. Ó kígbe. Mo dúró, mo sáré lọ sẹ́yìn, mo rí omijé lójú rẹ̀. Elvire, o mọ̀ ọ́n, obìnrin yẹn kò sunkún níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. N kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan láti ṣe nípa ìyẹn. Mo fẹ́ kọ báṣé náà sílẹ̀ síbẹ̀, kí n gbé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ara mi.

Ìyá rẹ ló ní kí n tún gbé ohùn rẹ sétí. O ní kí n fi omi ọṣẹ sí i, ibi tó bá ti ń hó ni atẹ́gùn ti ń jáde. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo ti fi gbogbo ọṣẹ ilé wẹ òrùlé rẹ̀, ilẹ̀kùn, títí kan dígí. Marlène gbórí sókè lórí mátíráàsì, ó bi mí bóyá tí mo bá wọ balùwẹ̀, orí nìkan ni mo ń wẹ̀ tí mo ń jáde. Nígbà tó ti lè bú mi, mo mọ̀ pé kò ní kú.

Mo mú ọṣẹ tó gbé bọ̀ láti ilé ìwòsàn, mo pò ó mọ́ omi tí à ń mu, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ní ìdí àpò òsì, níbi tí ọ̀pá rọ́bà ti wọlé, ọṣẹ ń hó pùtùpùtù bí ẹnu akèrègbè ẹmu. Ẹni tó dè é kò fún un le. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni náà wà ní Kútọnù. Mo fi sípánà fún un, mo nu ún, mo tún da ọṣẹ sí i, kò hó mọ́.

A rọra wa ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀nà ti gbà wá láyè díẹ̀. Ìyá rẹ bu omi sínú àwo, Marlène gbé e lé àyà. Mo wà nídìí bọ́tìnnì, ó ń pàṣẹ látẹ̀yìn. Ó ní òsì ṣì wálẹ̀, kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ní kí n dúró, ó ti pọ̀ jù, ṣé mo fẹ́ da omi sí òun lára ni. Ó ní kí n dín in, ó ní ọ̀tún, ó ní kí n má kánjú, ọmọ òun kò fi ìkánjú ṣe é. Nígbà tí omi dúró gbọnin láàárín àwo, mo fi téèpù Àmínátù wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n dọ́gba. A gbéra. Òkúta wà lójú ọ̀nà, mo rí wọn, mo gùn wọ́n, n kò gbọ́ igbe. Mo bẹ̀rù, mo ké pe ìyá rẹ pé kí ló dé tí ẹ̀yìn dákẹ́. Ó ní kí n panu mọ́, Marlène ti sùn.

Nígbà tí a dé iwájú ilé rẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde láti gbé e. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun, wọ́n ti gbé òun bí àpò ní ilé ìwòsàn, ó tó. Ó ní kí n sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, atẹ́gùn ń jáde, ìdí ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ Marlène fi kan ilẹ̀ láti ibi tó jókòó sí létí ọkọ̀. Ó gbé ọ̀pá tí ilé ìwòsàn fún un síwájú, ó dìde. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé rẹ̀, Elvire, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bú àwọn tí kò gbálẹ̀. Ìyá rẹ ń nu ojú, ó ní eruku ni. Eruku náà wọ èmi pẹ̀lú.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, nítorí epo ọkọ̀, ọṣẹ tó tán nílé, àti gbáàgúdá Blandine tí kò jẹ́ kí n gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Má fi sínú tẹlifóònù, ibi tó ń gbà jáde kò yé mi, fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Tàbí kí o dá a dúró, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ fúnra wa, nítorí Marlène ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí o ti lọ sí Kútọnù, òun kò tíì rí ibi tí o ń sùn, dókítà sì ní kí òun máa rìn. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, torí wàá ní iṣẹ́ pọ̀. N kò sọ fún ẹ. Mo kàn ní kí o gbá yàrá rẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ọlọ́run yóò fún ẹ ní ọmọ tí yóò ṣe fún ẹ bí o ti ṣe fún un. Ẹsẹ̀ tó fi wọ ilé rẹ̀ náà ni yóò fi wọ ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sylvestre