Ẹ Fi Èésú Yín Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Douala níbí. Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí? Mo kí Bùọ̀dá Mùfú àti ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ìyá tí ẹ jọ ń dá èésú. Torí tiwọn ni mo ṣe kọ ìwé yìí sí gbangba, kí ọmọ tó mọ̀wé lè kà á sí wọn létí.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ ní wọ́n fẹ́ kí n wá sọ èésú yín di irú èyí tí mo ń ṣètò níbí. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi mí yangàn fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má ṣe é.

Ní báǹkì tí mo ti kúrò, ẹni tí kò nílé, tí kò nílẹ̀, kì í rówó yá. Àwọn ènìyàn wa tó ń tajà ní àdúgbò New Bell níbí á wá, àá ní kí wọ́n máa lọ. Ó ń dùn mí wọra. Ìyẹn ni mo ṣe lọ ń gba àwọn tó ń yá oníṣòwò kéékèèké lówó nímọ̀ràn. Ètò wọn ni pé kí àwọn obìnrin tó ti ń dá èésú, èyí tí wọ́n ń pè ní ńjáńgì níbí, máa ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan ò bá rí owó tó yá san, àwọn tó kù á san án. Èmi ni mo fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn obìnrin wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ṣebí ọmọ ìyá làwọn.

Ni àìsàn bá dá Mùlíkátù aránṣọ, ọ̀kan nínú wọn, dùbúlẹ̀, kò sì rí owó san. Láyé èésú lásán, wọn ì bá jẹ́ kó kọ́kọ́ kó owó, wọn ì bá sì gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, nínú òjò, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n lọ gbé. Sàlámọ̀tù ló ṣáájú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọkọ̀ wá láti ilé. Wọ́n ní ó ń sunkún bó ṣe ń gbé e. Yéè, Màámi!

Ẹ̀yin ẹ gbọ́, ọ̀gá mi yìn mí. Ó ní ètò náà yọrí sí rere, owó pé, kí n gbé e dé àdúgbò Deïdo. Mùlíkátù àti Sàlámọ̀tù ò kíra mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá wọlé tọ àwọn obìnrin yòókù, wọ́n á dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ibí ò dá, èmi nìkan ni mo ń dá jẹun nínú yàrá. Báǹkì ti fi ẹlòmíì sórí àga mi. Owó tí mo fi ń ra oògùn Bàbá, ibi iṣẹ́ yìí náà ló ti ń wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sí Deïdo.

Kí Ọlọ́run má fi àìsàn dán ẹnikẹ́ni wò nínú ẹgbẹ́ yín. Kó fún Bàbá lágbára, kó dá ẹ̀mí gbogbo ilé sí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Iṣẹ́ yìí lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ èmi gan-an ni wọ́n rán wá, Màámi, ẹ fún mi lóúnjẹ, àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù