Ta Ló Ni Omi Ara Ògiri?

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀, Ilé Olójúlé Mẹ́rin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara tiwa le. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, ògiri yàrá ló gba gbogbo ọkàn mi.

Ó tó oṣù mẹ́rin tí ògiri náà fi ń làágùn. Ọ̀dà wú, ó bó, nǹkan dúdú kan sì hù síbẹ̀ bí irùngbọ̀n. Mo fi kàlẹ́ńdà bò ó, nítorí ọkọ mi ní ká má pariwo, kí onílé má baà ní ká kó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí mo tún rí àbàwọ́n dúdú lẹ́yìn aṣọ ìyàwó tí mo ń rán fún oníbàárà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí kàlẹ́ńdà lè bò.

Mo lọ bá Bàbá onílé lókè. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì máa ń dáni lóhùn bí ẹni ń máàkì iṣẹ́. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo okùn tí mo sá aṣọ sí nínú yàrá.

"Ẹ ti wíńdò pa, ẹ sá aṣọ tútù sínú ilé, ẹ wá ń bèèrè ibi tí omi ti wá. Ẹ̀yin lẹ fà á."

Kí n tó fèsì, wọ́n ti gun òkè lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àti ìyàwó wọn lọ kí ọmọ wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi, ògiri gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n dé tí wọ́n wẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé balùwẹ̀ wọn ló wà lórí yàrá wa gan-an.

Mo pe púlọ́ḿbà wá. Bàbá kò gbà pé omi balùwẹ̀ wọn ni, ni púlọ́ḿbà bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn lọ wẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wẹ̀. Wọ́n lọ tìbínútìbínú, àmọ́ kò pẹ́ tí orin wọn fi sọ lókè. Èmi, ọkọ mi àti púlọ́ḿbà gbọ́wọ́ lé ògiri bí ẹni ń gbàdúrà. Wọn ò tíì kọrin dé ègbè kejì tí omi fi ń ṣàn sí wa lọ́wọ́.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, ọṣẹ ṣì wà létí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri.

"Àṣé èmi ni mo ń wẹ̀ sórí yín látọjọ́ yìí."

Mo fẹ́ máa yọ̀, púlọ́ḿbà ò jẹ́. "Àǹtí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Páìpù ló gbé omi wá, ẹ̀yin lẹ fún un ní àga. Kọ́bọ́ọ̀dù yín lẹ̀ mọ́ ògiri, wíńdò yín kì í ṣí. Ká ní ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní ni, páìpù nìkan là bá tún ṣe."

Ojú tì mí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín iṣẹ́: Bàbá á tún páìpù ṣe, wọn á rẹ́ ògiri, wọn á kùn ún, àwa á máa ṣí wíńdò láràárọ̀, a ó máa sá aṣọ síta, ibikíbi tó bá sì tún rin, ọjọ́ náà la máa sọ. Ọkọ mi kọ ọ́ sínú ìwé, òun àti Bàbá buwọ́ lù ú. Bàbá sì fi bírò pupa tún àmì ohùn tí ọkọ mi gbàgbé ṣe.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí iṣẹ́ fi lọ, pálọ̀ Bàbá lókè là ń sùn. Ikọ́ ọmọ ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyàwó Bàbá ti kẹ́ ẹ bà jẹ́.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí o ní o fẹ́ wá kí wa lọ́dún yìí, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ òórùn yàrá wa ni. Bá mi kí Màmá àti ọkọ rẹ, kí o kó àwọn ọmọ dání, kí o máa bọ̀. Ibùsùn ti wà nílẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Alábẹ́rẹ́